Òróró Wo Ló Yẹ Ọ̀pá Sínúkà?

Ẹni tó bá rìn láti ojú ọ̀nà Ìworókò wọ àárín ìlú Adó-Èkìtì lálẹ́ kò ní ṣàìrí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti pé jọ tí wọ́n ń gbá sínúkà. Ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ti dá eré náà sílẹ̀ ní 1875, ṣùgbọ́n ó ti di tiwa báyìí. Ọ̀pá tí a fi ń gbá a ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti òróró tó yẹ kí a fi pa á. Ọ̀rọ̀ náà lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n iná wà nínú rẹ̀, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Igi ash tàbí maple ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọ̀pá yìí. Ojú igi ash là sílẹ̀. Òógùn ọwọ́ àti ẹfun búlúù tí a ń fi pa orí ọ̀pá a máa wọ inú ìlà rẹ̀. Òróró ni yóò dí ìlà wọ̀nyí díẹ̀, tí ọ̀pá yóò fi máa yọ̀ geere láàárín ìka.

Fífi òróró pa igi kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Èkìtì, ilẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ Ìṣẹ̀ àti àwọn agbẹ́gilére mìíràn. Àwọn ìyá ìbejì a máa fi osùn àti òróró pa ère ìbejì lóòrèkóòrè. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé àdín tàbí òrí tó wà nílé yóò ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èdè wa fúnra rẹ̀: a máa ń sọ pé òrí dì, a kì í sọ pé ó gbẹ. Òrí tó dì láàárọ̀ ọyẹ́ yóò tún yọ́ bí oòrùn bá mú. Ìyẹn dára fún ère tí a ó tún pa láìpẹ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pá sínúkà, eruku ni yóò máa kó. Òróró ẹ̀pà náà kì í gbẹ, bó bá sì pẹ́, yóò máa rùn.

Linsíìdì ní tirẹ̀ a máa gbẹ. Irúgbìn ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ti ń fún un, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ ọ̀gbọ̀ inú Bíbélì. Ó ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń le, kò sì ní yọ́ mọ́. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Tútù a máa gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó gbẹ. Èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára, wọ́n ti fi èròjà tí ń mú un yá gbẹ sí i. Bí ọjọ́ kan ni. Òun ni mo fara mọ́, nítorí ta ni yóò fi ọ̀pá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan?

Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ọ̀pá, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ kán òróró díẹ̀ sórí àkísà, kí ẹ fi pa á ní gígùn igi. Ẹ má jẹ́ kó kan awọ orí ọ̀pá. Ìdí ọ̀pá tí wọ́n ti kùn ní fáníìṣì kò nílò rẹ̀, kò ní wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ nu gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù kúrò pátápátá. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, torí èyí tí a kò bá nù ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣe. Òróró kò lè tọ́ ọ̀pá tó ti wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ó wá ku àkísà. Bí linsíìdì ṣe ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde. Lára ọ̀pá, ooru náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú àkísà tí a ká jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, kò ríbi gbà jáde. Yóò máa pọ̀ títí àkísà yóò fi gbaná láìsí ìṣáná. Ní oṣù kejì 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ ló dá iná sílẹ̀ ní ilé alájà 38 kan, One Meridian Plaza, ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Panápaná mẹ́ta ló kú níbẹ̀. Ẹ wo yàrá tiwa, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, ìwé àti sítóòfù ti ń fún ara wọn. Ẹ sá àkísà náà síta ní títẹ́ títí yóò fi le gbagidi, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí, kí ẹ tó dà á nù.