Kí A Tó Gbé Ìtàn Abúlé Wa Sínú Ìwé Ìròyìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Láyé òde òní, inú ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń bá àrọ́bá pàdé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn tí ń kọ àpilẹ̀kọ nípa ìlú àti àṣà fún àwọn ìwé àtìgbàdégbà, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwé ìròyìn kankan, tí ó jẹ́ pé iye ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń gba owó lé lórí, fi yẹ ní yíyẹ̀wò.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni E. H. Duckworth, òyìnbó tí ó jẹ́ alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, dá ìwé kan sílẹ̀ tí ó pè ní Nigerian Teacher, èyí tí ó di Nigeria Magazine nígbẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tí ń kọ nípa ọdún ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ránṣẹ́ sí i. Ìwé náà kò jáde mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe gudugudu méje nígbà tirẹ̀. Ìpolówó àwọn ìwé tí Amos Tutùọlá rí nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú un fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí The Palm-Wine Drinkard fi jáde ní 1952.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kò ṣaláìní òpìtàn. Ní 1911 ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde, kí ó tó gorí oyè Olúbàdàn ní 1955. Àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká ni ìtàn wọn kò tíì kún inú ìwé tó. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ní agbègbè Akínyẹlé ni Ìjàyè wà, ìlú Kúrunmí tí ogun Ìbàdàn fọ́ ní 1862. Ní Mọ́níyà ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ń ti Èkó bọ̀ láti 2021 ń gúnlẹ̀ sí. Ní Ọ̀nà-Àrà ni Àkànràn wà, ìlú Táfà Adéoyè, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n dìde ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí ní 1968 àti 1969.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìtàn. Púpọ̀ nínú àwọn abúlé wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé agboolé kan nínú Ìbàdàn ni ó ni wọ́n, tí mọ́gàjí ń ṣe olórí rẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ tí ń dáko níbẹ̀ sì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún láti ìgbà pípẹ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo pé lágbájá ni ó tẹ abúlé dó, ohun tí ó dàbí eré lójú rẹ̀ lè di ohun tí agbẹjọ́rò gbé lọ sí kóòtù lẹ́yìn ogún ọdún.

Àwọn adájọ́ pàápàá mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó. Nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, tí ó ti ilẹ̀ Gánà wá, tí àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù sì dá ní 1957, wọ́n ní bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ìhà méjèèjì bá takora, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń purọ́. Àṣìṣe lè wọ ìtàn bí ó ti ń ti ẹnu baba bọ́ sí etí ọmọ. Ohun tí ó yẹ ni kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ àìpẹ́ yìí, kí a mọ èyí tí ó gbe ìtàn ta ni lẹ́sẹ̀. Bí adájọ́ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí òǹkọ̀wé náà máa ṣe é.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ yà, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sọ iṣẹ́ tí ó bá wá. Bí ó bá mú obì dání, kò burú. Kí ó má ṣe gbọ́ ẹnu ẹnì kan dájọ́: bí ó bá gbọ́ ti agboolé àkọ́kọ́, kí ó gbọ́ ti èkejì, kí ó sì kọ ọ́ pé ará ilé báyìí ni ó sọ báyìí. Kí ó tọrọ àyè kí ó tó ya àwòrán, pàápàá ní ojúbọ. Ohun tí wọ́n bá ní awo ni, kí ó jẹ́ kí ó wà ní awo.

Owó iṣẹ́ náà kì í sábà pọ̀. Owó ọkọ̀ nìkan lè jẹ ẹ́ tán. Níbẹ̀ ni ìdánwò wà, nítorí àwọn kan yóò fẹ́ fi owó sí i lọ́wọ́ kí ó lè pe baba wọn ní olùtẹ̀dó. Ẹni tí ó bá gbà á ti ta ìtàn abúlé, kì í ṣe àpilẹ̀kọ ni ó tà.

Àwọn ìwé wọ̀nyí sì wọ́pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà tí ó sọ ìtàn kò lè kà. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́, ẹ padà lọ kà á sétí wọn ní Yorùbá. Bí ìwé bá sì jáde, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún baálẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò kà á fún un.