Yinni-Yinni, Kẹ́ni Ó Lè Ṣèmíì: Àmì-Ẹ̀yẹ àti Àwọn Ọmọ Wa



Àwọn àgbà ní: yinni-yinni, kẹ́ni ó lè ṣèmíì. Ohun tí àmì-ẹ̀yẹ wà fún gan-an nìyẹn. Èyí tó ga jù lọ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn onímọ̀ ni Nigerian National Order of Merit, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979. Wọ́n ń fi í yẹ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìṣègùn àti ẹ̀rọ sí, pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà. Chinua Achebe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ladi Kwali, ìyá tó ń mọ ìkòkò, gbà á ní 1980. Ẹ wo ẹ̀yìn owó ogún náírà, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbà á ní 2000. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wo fíìmù Ó Le Kú mọ̀ ọ́n, òun ló kọ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, èdè Faransé ló sì ń kọ́, nígbà tó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ní 1966, Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣe ìdíje, eré náà ló gbégbá orókè. Ó di ìwé ní 1970. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ti yìn ín ní ọdún 34 kí ìjọba tó yìn ín!

Bẹ́ẹ̀ náà ni D. O. Fágúnwà. Olùkọ́ ilé-ìwé ni nígbà tó fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìwé náà jáde ní 1938. Wọlé Ṣóyínká, tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ló wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986.

Lónìí, ẹ̀bùn ńlá pọ̀, ṣùgbọ́n èdè wa kì í sábà sí níbẹ̀. Nigeria Prize for Literature bẹ̀rẹ̀ ní 2004, owó rẹ̀ sì ti di 100,000 dọ́là. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé tó ti gbà á. Àwọn tó ń sọ èdè Swahili kò dúró. Láti 2014 ni Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York yìí, ti lọ́wọ́ sí ẹ̀bùn fún ìwé tí a kọ ní èdè wọn.

Ẹ̀yin òbí, ilé-ìwé yóò yẹ́ ọmọ yín sí fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ta ni yóò yẹ́ ẹ sí fún Yorùbá bí kò ṣe àwa? Ọmọ tó bá ki oríkì rẹ̀ láìwo ìwé, tàbí tó kọ lẹ́tà Yorùbá sí ìyá àgbà, ẹ pe orúkọ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, kí ẹ sì fi ìwé Yorùbá kan ta á lọ́rẹ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró de àmì-ẹ̀yẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́, ẹ sọ ọ́. Àwa yóò yìn yín.