Ẹ Má Fi Fòníkú-Fọ̀ladìde Pamọ́ Fún Dókítà Eyín

Funfun ni iyì eyín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wa máa ń sọ. Ṣùgbọ́n láàrin àwa tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí eyín wọn funfun báláú tí wọn kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, torí pé eyín òkè wọn yọ síta. Àwọn èèyàn á ní wọ́n mu ìka jù ní kékeré ni. Fún àwọn ọmọ kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Lára ẹni tó jẹ́ SS, kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti dí àlàfo náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbòòrò, egungun tó yí i ká á sì máa fẹ̀. Lára àwọn ọmọ kan, àgbọ̀n òkè á yọ síwájú, eyín á sì tẹ̀ lé e.

Wáyà eyín lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ẹ̀jẹ̀ kì í fìgbà gbogbo ṣàn dáadáa dé inú egungun ọmọ SS, nítorí náà dókítà kò gbọ́dọ̀ fa wáyà náà le jù, ó sì yẹ kó jẹ́ kí eyín sinmi dáadáa kó tó tún un fà. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló máa wò, torí ọmọ SS sábà máa ń pẹ́ kó tó bàlágà. Bí eyín kan bá sì ní láti jáde, ó yẹ kó kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tó há sínú wáyà lè kó àrùn bá èrìgì, àrùn bẹ́ẹ̀ sì lè fa kíráísì.

Ibí yìí ni àṣírí ti ń ṣèpalára. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ SS létí ará ìta. Ṣùgbọ́n báwo ni dókítà ṣe fẹ́ ṣọ́ra fún ohun tí kò mọ̀?

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lọ́dún 1910, dókítà James Herrick ní Chicago ṣàpèjúwe àrùn yìí nínú ìwé tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó. Ọmọ Grenada tó ń jẹ́ Walter Clement Noel ni aláìsàn náà, iṣẹ́ dókítà eyín ló sì wá kọ́ ní Chicago. Ó gboyè lọ́dún 1907, ó padà sílé, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni NHS ń ṣe wáyà eyín fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó nílò rẹ̀ gan-an. Dókítà eyín tí ẹ máa ń lọ bá ló máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, ìdúró sì lè pẹ́. Nítorí náà, ẹ tètè béèrè. Bó bá jẹ́ àbúrò yín ló ni ín, ẹ tẹ̀ lé e lọ, kí ẹ sì mú orúkọ dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti orúkọ àwọn oògùn tó ń lò dání.