Ẹ̀rọ tí ń bá ni kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà: ibo ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ?

Kọ̀ǹpútà kì í dá ronú ṣiṣẹ́. Ènìyàn ni ó ń kọ àṣẹ fún un: ka èyí, ro ìyẹn pọ̀. Iṣẹ́ náà le, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti wà báyìí tí ń bá ènìyàn kọ àṣẹ náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sí i bí ẹni ń kọ lẹ́tà, òun á sì dáhùn. ChatGPT ń ṣe é. GitHub Copilot, tó jáde ní 2021, ń ṣe é pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ olóko kajú kan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ wọn kan fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò kílò tí olúkúlùkù mú wá. Ó bá kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ fún ẹ̀rọ: orúkọ, nọ́mbà tẹlifóònù, gbèsè tí ìyá yìí jẹ, gbèsè tí bàbá yẹn jẹ. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n níbo ni ìwé ẹgbẹ́ wà báyìí?

Ó ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ti ń wá. Ilé iṣẹ́ náà lè tọ́jú rẹ̀, ó sì lè fi kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó gbọ́n sí i.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Ní 2023, ní Kòríà, àwọn òṣìṣẹ́ Samsung kan kó àṣẹ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́ wọn fún ChatGPT. Kí ọ̀gá tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní oṣù karùn-ún, Samsung ní kí wọ́n má fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ọdún yẹn kan náà, ní ìparí oṣù kẹta, Ítálì dá ChatGPT dúró, nítorí bí ó ṣe ń kó ọ̀rọ̀ ará ìlú. Kí oṣù kẹrin tó parí, OpenAI tó ni ín fi bọ́tìnì kan sí i. Ẹni tó bá pa á, wọn kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ítálì sì jẹ́ kó padà.

Bọ́tìnì yìí dára, àmọ́ kì í dí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yín ṣì ń lọ. OpenAI sọ nígbà náà pé òun yóò ṣì tọ́jú rẹ̀ fún 30 ọjọ́. Bí ẹ bá gbé aṣọ fún télọ̀, tí ẹ ní kó má fi han oníbàárà mìíràn, ṣebí aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn ì bá kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ Paramètres sí, kó pa bọ́tìnì náà. Lẹ́yìn èyí, kó yọ orúkọ àti nọ́mbà kúrò, kó fi A, B, D rọ́pò wọn. Kílò ni ẹ̀rọ fẹ́ ṣírò, kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà àṣírí tí a fi ń gba owó lórí tẹlifóònù kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa, òfin wà fún èyí láti 2018: Code du numérique. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ lè ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ han òun, kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá tọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ó lè fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní APDP.

Ìbéèrè: Nínú ìwé ẹgbẹ́ tiyín, kí ni ẹ̀rọ nílò láti fi ṣírò? Kí ni kò nílò?