"Ó Lè Fa Jẹjẹrẹ": Kí Ló Yẹ Ká Bẹ̀rù Lára Máàsì?

Ẹni tó bá gba Ketu kọjá lọ sí Mile 12, tó wá yà wọ àwọn àdúgbò inú Ikosi, kò ní ṣàìrí òpó irin gogoro láàárín ilé. Ìwé ìròyìn ń pè é ní òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní máàsì, ó parí. Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà ni àwọn òpó yìí ti ń pọ̀ sí i, tí ìbẹ̀rù wọn náà sì ń pọ̀ sí i. Gbólóhùn kan ló máa ń gbé ìbẹ̀rù náà kiri: "Wọ́n ní ó lè fa jẹjẹrẹ." Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn niṣẹ́ mi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ti ibi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo "lè" inú rẹ̀. Bí a bá sọ lọ́jà Mile 12 pé, "Alábàárù yìí lè gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì", agbára là ń sọ: a ti rí i tó gbé e rí. Bí a bá sọ pé, "Òjò lè rọ̀ lónìí", a ò sọ̀rọ̀ agbára rárá. Ohun tí à ń sọ ni pé a ò mọ̀: bóyá á rọ̀, bóyá kò ní rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó gbọ́ pé máàsì "lè" fa jẹjẹrẹ ń gbọ́ "lè" ti alábàárù. "Lè" ti òjò ni àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní lọ́kàn.

Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ẹ̀ka kan lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ni. IARC lorúkọ rẹ̀, ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé ló fìdí sí, ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ sì niṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, wọ́n fi ìgbì rédíò, irú èyí tí fóònù àti máàsì ń lò, sí ìpele tí wọ́n ń pè ní 2B. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ìpele wọ̀nyí kò sọ bí nǹkan ṣe léwu tó, bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni wọ́n ń sọ. Ìpele 1 ni ti ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ: sìgá wà níbẹ̀, ìtànṣán oòrùn náà wà níbẹ̀. Ìpele 2B ni ti ohun tí ẹ̀rí díẹ̀ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì tó gbá mú. Omi tí wọ́n fún látara odindi ewé aloe vera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù tí èèyàn ń gbé sétí fún ìgbà pípẹ́ sì ni ẹ̀rí díẹ̀ yẹn dá lé ní pàtàkì, kì í ṣe òpó ẹ̀yìnkùlé. Lọ́dún 2024, àgbéyẹ̀wò kan tí WHO gbé fún àwọn onímọ̀, tó kó ìwádìí 63 pọ̀, kò rí i pé fóònù ń fa jẹjẹrẹ inú ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dẹ́rù bani ni "radiation". Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan náà pe ohun tó ń jáde lára bọ́ǹbù átọ́míìkì, ẹ̀rọ X-ray, gílóòbù iná àti rédíò. Àwa náà ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí "ìtànṣán". Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tó lágbára láti ba èròjà inú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́, bíi ti X-ray. Ọ̀tọ̀ ni ìgbì rédíò, tó jẹ́ pé bó bá pọ̀ lápọ̀jù, ooru ló ń mú wá. Ìgbì rédíò kì í sì í ṣe àlejò wa. Rédíò ti wà kí tẹlifíṣàn WNTV tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1959.

Orí òpó lókè ni àwọn ẹ̀rọ tó ń tan ìgbì wà. Wọ́n kọjú síwájú bí iná iwájú ọkọ̀, wọn ò kọjú sílẹ̀. Bí èèyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí wọn, agbára ìgbì náà á dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá fi ìlọ́po mẹ́wàá jìnnà, á di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àlàyé tí WHO ṣe lọ́dún 2006, ìgbì tí wọ́n wọ̀n nítòsí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wà láàárín ìdá 0.002 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí ìlànà àgbáyé fàyè gbà. Fóònù tó wà létí yín ló sún mọ́ yín jù. Bí máàsì bá sì jìnnà, fóònù á máa lọgun kí wọ́n tó gbọ́ ọ, bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ lódìkejì ọjà. Ẹni tó lé máàsì kúrò ládùúgbò torí ìtànṣán lè tipa bẹ́ẹ̀ fi kún èyí tó ń kan orí òun fúnra rẹ̀.

Ẹ má wá rò pé mò ń sọ pé àwọn ará àdúgbò ń ṣàròyé lásán o. Ẹ jókòó ti ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí máàsì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó lè bẹ̀rẹ̀ látorí jẹjẹrẹ, àmọ́ kò ní pẹ́ dórí jẹnẹrétọ̀: ariwo tí kì í jẹ́ kí ọmọdé sùn, èéfín tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ilẹ̀ tó ń gbọ̀n. Torí iná ìjọba tí kò ṣeé gbára lé, epo dísù ló ń gbé ọ̀pọ̀ máàsì ró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, IARC yìí kan náà gbé èéfín ẹ́ńjìnnì dísù lọ sí ìpele 1. Èyí kì í ṣe "lè" ti òjò mọ́, ti alábàárù ni. Ìwọ̀n tí èèyàn ń fà símú àti iye ọdún tó fi ń fà á ló máa pinnu bí ewu rẹ̀ ṣe tó, ṣùgbọ́n pé ó ń fa jẹjẹrẹ, wọn ò jiyàn rẹ̀ mọ́. Lánlọ́ọ̀dù tó yá ilé iṣẹ́ nílẹ̀ ló ń gba owó. Ayálégbé ló ń gba èéfín.

Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, gbé jáde lọ́dún 2009 ní kí òpó tó bá ga ju mítà 25 lọ fi mítà 5, ó kéré tán, jìnnà sí ilé tó sún mọ́ ọn jù, láìka ọgbà mọ́ ọn. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni láti dín ooru, èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kù. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 5 jìnnà sílé, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa ariwo rẹ̀, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí ilé onílé. Lọ́dún 2011, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ní mítà 10 lòun fẹ́. Lọ́dún 2012, àjọ méjèèjì fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní gbangba.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ṣọ́ gbólóhùn yín. Bí lẹ́tà ẹ̀hónú yín bá dá lórí ìtànṣán, ilé iṣẹ́ á gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n wá, á fi hàn pé kò tó ohun tí òfin sọ, ẹjọ́ á sì parí síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa bú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ mú téèpù ìdíwọ̀n. Ẹ wọn iye mítà tó wà láàárín ògiri yín àti òpó, kẹ́ ẹ wọn ti jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹnu èéfín àti fèrèsé tó kọjú sí. Ẹ kọ aago tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n ń pa á. LASIMRA ló ń bójú tó máàsì l'Ékòó, LASEPA sì ni ti ariwo àti èéfín. Ẹ lè pe NCC fúnra rẹ̀ sórí 622, kò gba owó. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pa mọ́ sọ́wọ́ yín.