Kí Ẹ Tó Tún Ra Síìlì

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń fi jíìpù lọ sóko ní agbègbè Ìlémọnà àti Ọ̀fà ń rò fún mi: tiransífà ń jo. Ẹnì kan ní 4Runner tòkunbọ̀ lòun ń wà, òun ti pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn nígbà mẹ́ta, ọ́ìlì ṣì ń kán síbi tí òun bá gbé ọkọ̀ sí. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní síìlì tó wà lọ́jà kò dáa, kí ó wá owó ojúlówó. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, torí ibi tó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò, kò tíì wò ó.

Ẹni tó ní fọ́ọ̀wíìlì mọ̀ pé tiransífà ló wà lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, òun ló ń pín agbára fún pùròpélà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ pé àwọn kì í fi ọkọ̀ sí fọ́ọ̀wíìlì, nítorí náà ọ́ìlì tiransífà tàwọn ò lè bàjẹ́. Irọ́ ni. Bí ẹ tilẹ̀ fi í sí H2 látọdún dọ́dún, inú tiransífà náà ni agbára tó ń lọ sí táyà ẹ̀yìn ń gbà kọjá. Ọ̀pá ń yí níbẹ̀, bẹ́ríǹ ń yí, ọ́ìlì sì ń gbóná. Àlọ àti àbọ̀ Ìlọrin lórí ọ̀dà, iṣẹ́ ni fún un.

Gbígbóná yẹn ló ń bí ọ̀ràn. Ọ́ìlì kì í kún tiransífà dé òkè, afẹ́fẹ́ ló wà níbi tó ṣẹ́kù. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, afẹ́fẹ́ náà á gbóná, á sì máa wá àyè sí i. Bí ó bá kúrò ní 30°C tó dé 90°C láìrí ọ̀nà jáde, ipá tó fi ń ti ara irin á fi bí ìdá kan nínú márùn-ún lé sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ti rí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dé pa sínú oòrùn: á wú, bí ilẹ̀ bá sì tutù, ìhà rẹ̀ á wọnú. Irin ò lè wú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi dá ihò kékeré kan sí òkè tiransífà, kí ó lè máa mí. Lórí ọkọ̀ mìíràn, fìlà irin tó kéré ló bo ihò náà. Lórí òmíràn, róbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, tí wọ́n fà lọ sókè kí omi má bàa dé ẹnu rẹ̀.

Bí ẹrẹ̀ oko àti dípẹtà bá wá di ihò yìí, ibo ni afẹ́fẹ́ máa gbà? Ẹnu síìlì ni. Ètè róbà ni síìlì ní, ó fi dì mọ́ ọ̀pá tó ń yí, kí ọ́ìlì tó ń ta sí i lára má jáde. Kò lágbára àtidá afẹ́fẹ́ tó há dúró. Afẹ́fẹ́ á gbé ètè náà, ọ́ìlì á tẹ̀ lé e jáde. Ẹ fi tuntun sí i, òun náà á jo, torí ohun tó ń tì í kò tíì kúrò.

Nígbà òjò, aburú rẹ̀ á di méjì. Ẹ sáré bọ̀ láti Ọ̀fà, ẹ yà sọ́nà oko, ẹ sì kó sódò tó kún dé abẹ́ ọkọ̀. Tiransífà tó gbóná á tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì máa fa ohun tó bá rí. Bí ihò ìmí bá mọ́ tí ó sì ga ju omi lọ, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Bí ó bá dí, omi ló máa gba etí síìlì fà. Ẹ̀yin tí ihò tiyín wà lórí tiransífà gan-an, tí ẹ sì ń la odò kọjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi róbà gbé e sókè. Ọ́ìlì tí omi wọ̀ á di funfun, bẹ́ríǹ àti ṣéènì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Mẹkáníìkì tó bá gba owó síìlì lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì láìwo ihò ìmí, bóyá iṣẹ́ ò yé e, bóyá ó ń rẹ́ yín jẹ. Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n rí ọ́ìlì níbi ihò náà, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí i pa! Ọ́ìlì tí wọ́n rọ kọjá ìwọ̀n ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ihò bá mọ́ tí síìlì tuntun ṣì ń jo, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ fi èékánná yẹ ara ọ̀pá tó ń jókòó lé wò. Bí èékánná bá há sí ojú ibi tó ti jẹ, kò sí síìlì tó máa dá a dúró níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu ihò ìmí mọ́, ẹ lè pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra yín nílé. Nọ́ọ̀tì òkè, èyí tí a ń gbà rọ ọ́ìlì, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá tú ti ìsàlẹ̀, tí gbogbo ọ́ìlì dà tán, tí ti òkè sì kọ̀ tí kò tú, ẹ ti sọ ọkọ̀ di ère sínú ọgbà.

Ẹ dúró ná. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Jáàkì ń yọ̀, pàápàá lórí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń pa ènìyàn. Búlọ́ọ̀kù náà ò ṣeé gbára lé, ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ jíìpù ga tó kí ènìyàn wọ abẹ́ rẹ̀ láìgbé e rárá, bẹ́ẹ̀ ló sì dára jù, torí orí ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ni a ti lè mọ ìwọ̀n ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì àtijọ́ bá dà tán, ẹ dí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà, kí ẹ rọ tuntun títí yóò fi máa ṣàn padà lẹ́nu ihò òkè. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọ́ìlì yàn fún yín. Ọ̀pọ̀ 4Runner àtijọ́ ń lo ọ́ìlì gíà 75W-90. Ọ̀pọ̀ Pathfinder àtijọ́ ń lo ọ́ìlì pupa ti ọtọmátíìkì. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ọ́ìlì pupa bá jáde nínú tiransífà tí kò yẹ kó ní in, tàbí tí ọ́ìlì ya jáde bí ẹ ṣe tú nọ́ọ̀tì òkè, ẹ yẹ gíábọ́ọ̀sì wò lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn àgbà tó wa Land Rover, títí kan àwọn tí Leyland tò ní Ìbàdàn, mọ àìsàn yìí: síìlì àárín méjèèjì á gbó, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì á máa ṣàn wọ tiransífà, gíábọ́ọ̀sì á sì máa gbẹ láìjẹ́ pé ẹ rí ẹ̀kán kan nílẹ̀.

Ọ́ìlì tí ẹ dà, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀yìnkùlé, omi kànga la ṣì ń mu ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Káfíńtà tó ń fi kun igi òrùlé nítorí ikán á gbà á lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n bí omi bá ti pò mọ́ ọn, ẹ sọ fún un.