Màámi Fẹ́ Wọ Ọkọ̀ Òkun: Oṣù Wo Ló Dára, Ibo Ló Yẹ Ká Dé, Kí Ló Ń Fa Èébì Lórí Omi?

Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni, àmọ́ sáyẹ́ǹsì pọ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Màámi pè mí láti Aramọkọ. A kí ara wa tán, a sọ̀rọ̀ iṣu, a sọ̀rọ̀ iná tí kò sí, ni wọ́n bá ní: “Ọmọ mi, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun kí n tó lọ.” Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màámi tí wọ́n jẹ́ tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dùn, tí wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1963, bàbá wọn mú wọn lọ sí Àpápá láti sin ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ń lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Aureol lorúkọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ funfun ńlá tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Láti ọdún 1951 ló ti ń ná Liverpool sí Èkó, tó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ń gbọ́ pé wọ́n kàwé lókè òkun láyé ìgbà yẹn, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé wọn lọ. Lọ́dún 1974 ni Aureol ṣíwọ́ iṣẹ́ náà, torí pé ọkọ̀ òfuurufú ti gba àwọn èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi ò padà wálé. Ọ̀hún ni wọ́n kú sí, ọ̀hún ni wọ́n sin wọ́n sí. Ohun tí Màámi ń wá ni omi tí ẹ̀gbọ́n wọn rí lọ́jọ́ náà.

Ni ìjà bá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bọ̀dá mi tó wà ní Adó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò jẹ́ kí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Àǹtí mi tó wà ní Ìbàdàn ní àwọn ajalèlókun máa jí wọn gbé. Èmi tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì jù, èmi ni wọ́n wá ní kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Ohun àkọ́kọ́: kò sí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń gbéra ní Èkó déédéé bíi mọ́tò Adó. Àwọn tó ń gba etíkun wa kọjá, ọkọ̀ tó ń ṣí kiri bí ẹyẹ ni wọ́n. Nígbà tí ooru bá mú ní Yúróòpù, ọ̀hún ni wọ́n máa ń wà. Nígbà tí òtútù bá dé, wọ́n á kọjá lọ sí gúúsù, bóyá sí Cape Town. Nítorí náà, nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá, tàbí oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, ni wọ́n máa ń gba ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n bá ń lọ àti nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Dakar, Banjul, Takoradi, Tema, Lómè, Kútọnú àti São Tomé wà lára ibi tí wọ́n máa ń yà.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn lọ. Èmi ti kọ́kọ́ sọ pé oṣù Kẹjọ ni ká lọ, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa wà ní ìsinmi. Ẹ wo ohun tó yí mi lọ́kàn padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Ìkógòsì mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi Ìkógòsì ti rí ooru rẹ̀: omi òjò rì lọ sísàlẹ̀ gba inú àpáta tó sán, ó gbóná lọ́hùn-ún, ó sì padà yọ síta. Ti òkun yàtọ̀. Oòrùn ló ń mú un gbóná láti òkè, nítorí náà ojú omi ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù gan-an. Tí nǹkan kan bá wá fa omi ìsàlẹ̀ yẹn gòkè, òkun tó gbóná lánàá á tutù lónìí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní etíkun Ghana àti Côte d'Ivoire nìyẹn láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, omi ibẹ̀ lè gbóná tó dígíríì 28 tàbí 29. Nígbà tí omi tútù bá gòkè, ó lè wálẹ̀ ju 25 lọ.

Inú àwọn apẹja a máa dùn sí i, torí pé omi ìsàlẹ̀ yẹn ń gbé oúnjẹ ẹja gòkè. Ó tún kàn wá nílé: òkun tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ rán omi sókè, kùrukùru òjò á dínkù, ó sì wà lára ohun tó ń fa àwẹ̀ òjò tí gbogbo èèyàn ń pè ní August break. Àgbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run ní Ìjerò ò mọ̀ pé òkun Ghana lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Kí ló wá burú nínú oṣù Kẹjọ fún Màámi? Ìgbì ni. Àwọn ìjì ńlá tó máa ń jà ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, máa ń le jù láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, torí pé ìgbà yẹn ni òtútù mú lọ́hùn-ún. Ìjì náà ò ní dé ọ̀dọ̀ wa rárá, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ á rìn lórí omi fún ọjọ́ púpọ̀ títí á fi fọ́ sí èbúté wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè dé etí òkun l'Ékòó lọ́jọ́ tí ewé ò mì, kí ìgbì sì máa dún bí ààrá. Ẹ jọ̀ọ́, tí omi bá ń wọ́ yín lọ sí àárín òkun, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí bèbè ṣe lọ, títí ẹ ó fi jáde nínú ìṣàn náà, kẹ́ ẹ tó kọjú sí ilẹ̀. Ọmọ orí òkè ni wá, odò kékeré la mọ̀, òkun ò mọ ọmọ Ẹ̀fọ̀n yàtọ̀.

Ìgbì yìí kan náà ló ń kó iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Nígbà kan, iyanrìn ló dí ẹnu ọ̀sà Èkó tí ọkọ̀ ńlá ò fi lè wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún ni ìjọba kó òkúta sínú òkun bí ògiri gígùn láti dá iyanrìn náà dúró. Ó dúró lóòótọ́: ó kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn, ebi iyanrìn sì pa ìhà kejì, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Ilẹ̀ Eko Atlantic tí wọ́n ń kọ́ lórí omi lónìí, ara ìtàn iyanrìn yẹn ni. Ní Accra ńkọ́? Kí wọ́n tó ṣí èbúté Tema lọ́dún 1962, inú ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ti ń fi àpótí onígi sọ èrò kalẹ̀ látorí ọkọ̀ ńlá, pẹ̀lú ìgbì tó ń gbé wọn sókè sódò. Mo sọ èyí fún Màámi, wọ́n ní: “Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi ṣèyẹn?” Nítorí náà, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú àgbàlagbà lọ, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ náà máa fara ti èbúté tàbí ó máa dúró láàárín omi kí ọkọ̀ kékeré wá kó èrò. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Tema, Lómè àti Kútọnú ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè fara tì.

Èébì wá ńkọ́? Ibí ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Màámi tí wọn kì í lè dé Ẹ̀fọ̀n láti Aramọkọ kí wọ́n má bi! Ẹ mọ kọ́nà ibẹ̀, òkè lọ́tùn-ún, gegele lósì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ni èébì mọ́tò àti ti òkun. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta kan wà tó tẹ̀ kọrọdọ, omi díẹ̀ sì wà nínú wọn. Tí orí bá yí, omi náà á mì, á sì sọ fún ọpọlọ pé a ti ń rìn. Ojú náà ní ìròyìn tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú yàrá ọkọ̀, ojú á ní “a jókòó jẹ́ẹ́,” etí á ní “irọ́ ni, a ń fì.” Ọpọlọ ò mọ ẹni tó yẹ kí ó gbà gbọ́, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ohun kan náà ló ń ṣe yín tẹ́ ẹ bá ń tẹ fóònù nínú mọ́tò.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ojú àti etí sọ ohun kan náà. Ẹ jáde síta, ẹ wo ibi tí òfuurufú àti omi ti pàdé. Dírẹ́bà kì í sábà bì, torí pé ojú rẹ̀ wà lọ́nà. Yàrá náà ṣe pàtàkì. Ẹ rántí pákó tí àwọn ọmọdé ń gbé lé òkúta láti gun lókè sódò: ẹni tó wà létí ló ń fò, ẹni tó bá dúró láàárín kì í mì púpọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. Yàrá àárín, ní ìsàlẹ̀, ló dára jù, kì í sì sábà wọ́n tó yàrá òkè táwọn olówó ń jà sí. Atalẹ̀ náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn èébì wà, àmọ́ ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bi dókítà kí ó tó pa á pọ̀. A bi dókítà Màámi. Wọ́n ní tí ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tẹ̀ léra, kí wọ́n máa lọ.

Ọ̀rọ̀ àǹtí mi nípa ajalèlókun kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2020, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé lórí òkun káàkiri àgbáyé, 130 nínú wọn sì jẹ́ ní apá òkun tiwa yìí. Láti ìgbà náà ó ti dínkù gan-an. Ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ epo tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí ara rẹ̀ kò ga sómi, ni wọ́n sábà máa ń dojú kọ. Mo fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ sí àǹtí mi, kò tíì dáhùn.

Ti ìwé ò le púpọ̀. Ọmọ ECOWAS lè wọ Benin, Togo àti Ghana láìgba fíìsà fún 90 ọjọ́. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tì dání, kí ẹ sì ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ayé èèyàn, nítorí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé káàdì ọdún mẹ́wàá ti kú.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tí a máa rí. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Èkó lọ sí Accra, ẹ ó rí i pé igbó á máa fẹ́lẹ́ sí i, odán á sì dé etí òkun. Ó yani lẹ́nu, torí pé igbó la retí. Etíkun ibẹ̀ dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ òjò á fi kàn án gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tútù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà sì ń dín òjò kù. Òjò Èkó lọ́dún ju mìlímítà 1,500 lọ, ti Accra kò ju nǹkan bí 800. Lójú ọ̀nà yẹn, Àgbádárìgì wà, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bíi tiwa wà, Ganvié wà tí wọ́n kọ́ ilé sórí igi nínú ọ̀sà Nokoué. Wídà wà, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà àìpadà tí wọ́n kọ́ sétí òkun fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Tẹ́ ẹ bá kọjá Accra, Elmina wà, tí àwọn Potogí kọ́ lọ́dún 1482. Èmi fúnra mi rò pé kò yẹ kéèyàn fi wákàtí méjì sáré wo Wídà kó wá padà sídìí oúnjẹ ọkọ̀. Tí ọkọ̀ kan ò bá fún yín ní odindi ọjọ́ kan níbẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Kí a tó náwó, mo ní ká dán Màámi wò. Wọ́n wá sí Èkó lóṣù tó kọjá, a wọ ọkọ̀ èrò láti Ìkòròdú lọ sí Marina, gbogbo wa wọ jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà. Mo fi wọ́n sí ìjókòó àárín, mo ní kí wọ́n máa wo iwájú. Mo sọ fún wọn pé odò Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ ní Ìgèdè Èkìtì ń ṣàn bọ̀ wá sínú omi ọ̀sà wọ̀nyí. Wọ́n ní: “Omi ilé wa nìyí nígbà yẹn.” Wọn ò bì. Atalẹ̀ ni wọ́n ń jẹ lẹ́nu.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Marina, wọ́n dúró, wọ́n kọjú sí òdìkejì omi, níbi tí àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù Àpápá nà sókè. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Bọ̀dá mi tó bá wa wá kò sọ nǹkan kan, ó kàn di báàgì wọn mú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi: “Oṣù Kẹta lo ní àbí Ìkẹrin?”